Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì Tó Ń Yadi

Ẹ fà mọ́ mi díẹ̀ sí i, ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ìjàpá nínú, kò sì ní iwin. Ọkọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, àti àbúrò mi ọkùnrin, àti ẹ̀rù. Ẹ̀rù ọ̀hún ló pọ̀ jù.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí òṣùpá bá yọ, ìyá wa máa ń sọ pé ẹranko tó ń bú ramúramù kọ́ ló ń pa ọdẹ. Ọdẹ á gbọ́ ọ, á mọ ibi tó wà, á gba ọ̀nà mìíràn. Èyí tó dákẹ́ sínú igbó ni kí ọdẹ bẹ̀rù. Mo rò pé ẹranko ni ìyá wa ń sọ. Mo ti darúgbó kí n tó mọ̀ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló ń bá wí.

Àbúrò mi yìí, ìyá kan náà ló bí wa, èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Mẹkáníìkì ni. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́, Jẹ́ngbọ́ ni gbogbo ayé ń pè é. Ìdí ni pé bí o bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, á gbé ọwọ́ sókè: "Dákẹ́ ná, jẹ́ n gbọ́." Á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń gbọ́ ọmọ nínú aboyún, á dijú. Kó tó lajú, ó ti mọ ohun tó ń ṣe é. Bí kò bá mọ̀, á ní òun kò mọ̀. Èyí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn oníṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má bínú sí mi.

Iṣẹ́ mọ́tò kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe. Aṣọ ló ń rán, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Mo bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo láyé mi. Lọ́jọ́ tí òun náà bímọ, ọmọ wá sáyé, ó ké, ara gbogbo wa yá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n ní ká gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tó wà ní òdìkejì afárá. Ọkọ̀ wà, awakọ̀ wà. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò dáhùn. Àbúrò mi wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, okùn tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òun àti ọkùnrin márùn-ún, wọ́n ń tì í. Wọ́n tì í dé ẹsẹ̀ afárá. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti sọ fún mi pé, "Ìyá mi, òtútù ń mú mi." N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí oṣù náà tó parí, àbúrò mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó lọ kọ́ṣẹ́ mọ́tò tòun ti irùngbọ̀n lẹ́nu, láàárín àwọn ọmọ tó lè bí. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi rẹ̀ wọ́n.

Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo tọ́ ọ. Ó di ọmọge, ó fẹ́ ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi, tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń wálé. Nígbà tó wá sọ fún mi pé òun lóyún, mo rẹ́rìn-ín, mo dì mọ́ ọn, mo sì wọ yàrá lọ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní ìpẹ̀kun òpópónà wa, yàrá mẹ́ta péré. Nọ́ọ̀sì kan ló ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe, àfi lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ tí ẹlòmíràn ń gba ipò rẹ̀, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó gbọ́ ìtàn ìyá ọmọ náà tán, ó ní, "Màmá, mi ò ní tàn yín. Ohun tó ṣe ìyá lè ṣe ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá, a ò ní dúró rárá. Ọkọ̀ mi ló máa gbé e sọdá afárá."

Ọkàn mi balẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ń wà ládùúgbò, nítorí àwọn ìyókù ti gbé tiwọn lọ síbi iṣẹ́. Àfi bí ọkọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yadi nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́jọ.

Èmi gan-an wà ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi lọ́jọ́ tí Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gbé e wá.

"Ọ̀gá Jẹ́ngbọ́, ọkọ̀ yìí ń fi mí ṣẹ̀sín. Màá yí kọ́kọ́rọ́, kò ní dáhùn. Màá tún un yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ló bá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan."

"Kó tó sọ̀rọ̀, ṣé ó máa ń ṣe 'tẹ̀'?"

"Kò ṣe tẹ̀, kò ṣe tọ̀."

"Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ."

Òrùka irin kan wà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì tó fẹ̀ tó ẹ̀gbà ọwọ́, kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn tó wà lórí rẹ̀ kò níye. Ó tú ti ọkọ̀ kúrò lára wọn, ó fún un. Ó ní, "Ẹ má bínú, kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wà lára ìwọ̀nyí, kì í kúrò lọ́wọ́ mi bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ wa ni." Àbúrò mi ní kí ló máa bínú sí? Ó wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó pa á, ó tún yí i. Ó dáhùn. Nígbà ogún, ó dáhùn.

Ó nu orí bátìrì, ó dè é le. Ó ní kí Nọ́ọ̀sì máa lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni, ó padà dé. Ọkọ̀ ti dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú oòrùn. Àbúrò mi tú sítáátà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí, ó pààrọ̀ ohun tó ti jẹ nínú rẹ̀. Ó fi ọkọ̀ náà lọ, ó fi í bọ̀, ó tì í mọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ méjì. Kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dá a padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aláboyún kan ń rọbí nílé, wọ́n ránṣẹ́ pe Nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ yadi. Ẹsẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì fi sáré débẹ̀, àpò lórí. Ọmọ náà yè.

Rewáyà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi, òun ló ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àwàdà.

"Jẹ́ngbọ́, kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Etí ti di nìyẹn! Òróró gbígbóná díẹ̀ ló kù, fi sí i."

"Ṣé o máa bá mi tọ wáyà ẹ̀ àbí o máa dúró síbẹ̀ máa pàtẹ eyín?"

"Mo ń bọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ òótọ́ fún ẹ. Ìwọ ni ọkọ̀ yẹn ń bẹ̀rù. Bó bá ti rí ẹ, á ṣe bí ọmọ dáadáa. Bó bá ti ku òun àti Nọ́ọ̀sì, á ya pòkíì. Fi ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ kọ́ sórí ìjókòó iwájú, kó máa rò pé o wà níbẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í yan ọgbọ́n tó máa dì mú. Mo yọ ẹ̀wù àbúrò mi tó kún fún ọ́ìlì lára ìṣó, mo ká a sábẹ́ apá, mo gbé e tọ Nọ́ọ̀sì lọ. Obìnrin tó kàwé yẹn wo ẹ̀wù, ó wò mí. Mo rò pé á fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó gbà á, ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó, ó sì rọra tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ dákẹ́ tòun ti ẹ̀wù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi wá bá mi nílé. Ó jókòó sórí àpótí kékeré tó wà lẹ́bàá ààrò, níbi tó máa ń jókòó nígbà tó ṣì ń rán aṣọ. Ó bu omi, kò mu ún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ìwọ kẹ̀? Ta ló kù tí màá wá sá bá?"

"Ọkọ̀ tó bá bàjẹ́, mo lè tún un ṣe. Èyí tó ń dáa bí mo bá dé ńkọ́? Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí tí mo fi kọ́ ọ. Bó bá lọ jẹ́ pé ọjọ́ ọmọ yìí ni..."

"Má parí rẹ̀. Máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ."

Nínú yàrá kejì, ọmọ-ọmọ mi ń kọrin fún ikùn rẹ̀.

Nígbà tí orin náà tán, àbúrò mi ní, "Láti ọ̀la, màá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ibikíbi tí ọkọ̀ yẹn bá ń lọ, màá wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń dákẹ́ mọ́ Nọ́ọ̀sì, ó gbọ́dọ̀ dákẹ́ níṣojú mi."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Láàárọ̀, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn ní Nọ́ọ̀sì ti gba ẹ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ yadi. Inú àbúrò mi dùn bí ẹni tó rí olè mú. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi gílóòbù kékeré tó so mọ́ wáyà kan ìdí sítáátà, ó ní kí Nọ́ọ̀sì tún un yí. Gílóòbù kò tàn. Iná kò dé ibẹ̀. Kó tó sọ pé kó tún un yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkọ̀ ti sọ̀rọ̀.

Ó sáré wá sọ fún mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti sún mọ́ ọn. Kì í ṣe bátìrì, kì í ṣe sítáátà. Láàárín kọ́kọ́rọ́ àti sítáátà ni iná ti ń sọnù." Òun àti Rewáyà tọ gbogbo wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí èyí tó já. Ó kù síbi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, ìyẹn tú u fún un, ó yí i nígbà ọgọ́rùn-ún. Mo wà níbẹ̀, mo ń bá a kà á. Nígbà ọgọ́rùn-ún, gílóòbù tàn.

Rewáyà pàápàá kò ṣàwàdà lọ́jọ́ yẹn. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ láìdáwọ́dúró, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà ti mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo kíyè sí nínú gbogbo rẹ̀, mo sì sọ ọ́. Mo ní, "Lọ́jọ́ ìsinmi, ọkọ̀ yìí kì í yadi. Bí Nọ́ọ̀sì kò bá lọ síbi iṣẹ́, tó fi ọkọ̀ lọ kí èèyàn, wẹ́rẹ́ ló ń lọ, wẹ́rẹ́ ló ń bọ̀." Àbúrò mi wò mí, ó ní, "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ronú títí, kò rí ibi tí á dì í mú. Bóyá nítorí oòrùn, ó ní. Bóyá nítorí ilẹ̀ ilé ìwòsàn tó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn kan ní igbe àwọn tó ń rọbí ló ń dẹ́rù ba ọkọ̀. Mo rántí gbogbo ìtàn tí ìyá wa sọ, ilé tó ń gbé èèyàn mì, odò tó ń yan ẹni tí yóò gbà kó rékọjá. N kò mọ èyí tí mo lè jù nù nínú wọn.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ọmọ-ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ẹsẹ̀ la fi rìn dé ilé ìwòsàn, níbi tí àbúrò mi ti ń ṣọ́ ọkọ̀ náà. Kó tó di ọ̀sán, ó ti bí ọmọbìnrin. Ọmọ náà ké. Èmi ń wo ojú Nọ́ọ̀sì, n kò wo ọmọ.

Nọ́ọ̀sì tẹ ikùn rẹ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó tún tẹ ikùn náà. Aṣọ tó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó pààrọ̀ rẹ̀, èyí náà pọ́n. Ó ní kí obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ gba ọmọ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an.

"Ọ̀gá Jẹ́ngbọ́, ẹ bá mi gbé e. A ń lọ."

Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, orí rẹ̀ lórí itan mi. Nọ́ọ̀sì ti fi abẹ́rẹ́ fa omi ìgò sí i lápá. Ó ní kí n gbé ìgò náà sókè, kí n má jẹ́ kó wálẹ̀ bí ó ti wù kó rí. Mo gbé e sókè. Àbúrò mi jókòó níwájú. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ibi tó ń wọ̀, àwọn ìyókù ń mì lórí òrùka, ó yí i.

Kò dáhùn.

Ó tún un yí. Kò dáhùn. Ó tún un yí. Mo ń gbọ́ eṣinṣin tó wà lára gíláàsì. Mo ń gbọ́ ọmọ tó ń sunkún nínú ilé. Ọkọ̀ kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ-ọmọ mi la ojú, ó ní, "Màmá àgbà, òtútù ń mú mi."

Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un rí. N kò sọ ọ́ fún un láti ọjọ́ tí a ti bí i. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn àbúrò mi, mo rí i bí irun ibẹ̀ ṣe dìde. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀, ó fẹ́ lọ ti ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ lọ tì í, bó ṣe ti ọkọ̀ ìjọ́sí. Ló bá dúró. Ó fa ẹsẹ̀ padà wọlé.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ jẹ́ n fọwọ́ ara mi yí i."

Nínú gbogbo hílàhílo yẹn, ọwọ́ Nọ́ọ̀sì ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó tú u kúrò lára òrùka, ó fún àbúrò mi ní ẹyọ kan. Òrùka àti àwọn ìyókù já bọ́ sórí itan rẹ̀, gbàlà, bí ẹni da òkúta sílẹ̀.

Àbúrò mi wo ẹyọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo itan Nọ́ọ̀sì.

"Háà," ló wí. Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ.

Ó nà kọjá níwájú Nọ́ọ̀sì, ó ti ẹyọ kan náà bọ̀ ọ́, ó yí i. Ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀.

"Ẹ máa lọ! Ẹ má so wọ́n mọ́ ọn o! Ẹ má so wọ́n mọ́ ọn!"

Nọ́ọ̀sì ti òrùka òfin rẹ̀ bọ ọrùn ọwọ́ bí ẹ̀gbà, ó tẹ iná mọ́lẹ̀. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ afárá, mo dijú. Apá tí mo fi gbé ìgò sókè ti kú, ṣùgbọ́n kò wálẹ̀. Mo ń sọ fún ọmọ-ọmọ mi pé, "Sọ̀rọ̀, máa bá mi sọ̀rọ̀, bú mi bó bá wù ọ́." Nígbà tí mo lajú, afárá ti wà lẹ́yìn wa.

Wọ́n gbà á wọlé ní ọsibítù ńlá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Èmi jókòó sórí bẹ́ńṣì. Àbúrò mi kò lè jókòó. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó nínú ọgbà, òun àti Nọ́ọ̀sì nínú ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì á so òrùka mọ́ kọ́kọ́rọ́, á yí i: á dákẹ́, tàbí kó sọ̀rọ̀, á tún dákẹ́. Wọ́n á tú òrùka kúrò: wẹ́rẹ́. Wọ́n ṣe é, wọ́n tún un ṣe, bí ẹni tí kò rí ohun mìíràn fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ ti jẹ. Ìwúwo kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ló ń fà á sápá kan, tí kò jẹ́ kí irin inú rẹ̀ kan ara wọn. Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹni tó ń gba ipò Nọ́ọ̀sì ló ń mú òrùka náà lọ́wọ́. Bí ó bá sì di ṣọ́ọ̀bù, òfin á ní kí ó tú u kúrò. Àbúrò mi yí ọkọ̀ yẹn fún oṣù kan gbáko, kò fọwọ́ kan ohun tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan rí.

Oòrùn ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Dókítà obìnrin kan jáde, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ó ń béèrè ẹni tó ni ọwọ́ líle tó gbé ìgò." Mo na ọwọ́ ọ̀hún sókè bí ọmọ ilé ìwé.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi pààrọ̀ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, ó sì fi okùn tó fi ń wọn aṣọ nígbà kan so kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́tọ̀. N kò mọ̀ pé okùn náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí o bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí, kì í dijú mọ́. Á ní kí o wọlé, kí o jókòó bí o ṣe ń jókòó, kí o gbé àpò rẹ síbi tí o ń gbé e sí, kí o fi ọwọ́ ara rẹ yí i. Rewáyà ti ń pè é ní Jẹ́nwò. Kò tíì mọ́ èmi lẹ́nu.

Ọmọ tuntun ọjọ́ náà ti ń rìn. Bó bá rí kọ́kọ́rọ́, á mú un, á máa mì í, á máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, tí wọ́n fẹ́ yí i, mo máa ń di èémí mú, ọwọ́ mi kan á sì lọ sókè fúnra rẹ̀, títí ẹ́ńjìnnì á fi sọ̀rọ̀.